Tọkọtaya Olóyin

Ìyàwó mi kò bẹ̀rù oyin. Ọmọ Agoua ni, létí igbó ìjọba ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì so àpótí oyin mọ́ igi káàkiri nígbà tó wà láyé. Kí ó tó mọ ìwé kà ló ti mọ bí a ṣe ń na ọwọ́ sáàárín oyin láìjẹ́ kí wọ́n bínú. Èmi ní tèmi, oyin kan ṣoṣo ló ta mí níwájú orí ní ọdún tí a fẹ́ ara wa. Ojú mi méjèèjì dí, ọ̀nà ọ̀fun mi há, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé mi dé kí n tó lè mí délẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi kìlọ̀ pé kí n má sún mọ́ wọn mọ́. Bí Ọlọ́run ṣe pín in láàárín àwa méjèèjì nìyẹn: iṣẹ́ tí ìyàwó mi fẹ́ràn jù lọ láyé ni iṣẹ́ tí n kò gbọdọ̀ bá a dé ìdí rẹ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bantè, lójú ọ̀nà tó lọ sọ́jà. Mò ń tún fóònù ṣe, mò ń tẹ fọ́tò, mo sì máa ń bá àwọn tí kò gbọ́ Faransé dáadáa kọ ìwé tí wọ́n fẹ́ mú lọ sí méríì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Alájì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ará Nàìjíríà tó ti pẹ́ ní ìlú wa, tó ń ta ẹ̀sáǹsì, epo tí alùpùpù ń mu, nínú ìgò àti jẹ́ríkánì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, oyin rọ́ dé láti ojú ọ̀run, wọ́n sì ṣù mọ́ abẹ́ páànù Alájì. Ìṣùpọ̀ wọn tóbi tó orí màlúù.

Àwọn èèyàn pé jọ. Ẹnì kan ti mú koríko gbígbẹ dé, ó ń wá ìṣáná. Alájì dúró sáàárín àwọn jẹ́ríkánì rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ̀ wọ́n. Ó ní ẹni tó bá ṣáná níbẹ̀, gbogbo òpópónà ni yóò bá a lọ. Wọ́n wá ń bi ara wọn pé ta ló mọ ẹni tó ń kó oyin. Ẹnì kan ní ọkùnrin kan wà ní Agoua. Ẹlòmíràn ní ọkùnrin náà ti kú. Àna mi ni wọ́n ń sọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ wà nínú ìlú kan náà, tó ń ta gàrí lọ́jà. Mo bá sáré lọ pè é.

Kò lè lo èéfín nítorí ẹ̀sáǹsì. Omi ló bù sẹ́nu, tó ń fọ́n sí wọn lára díẹ̀díẹ̀ títí apá wọn fi wúwo. Ó gbé páálí sábẹ́ wọn, ó lu igi àjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì já sínú páálí bí ẹ̀wà tí a dà sínú igbá. Ó ní ìyá wọn ti wà nínú rẹ̀, àwọn yòókù yóò tọ̀ ọ́ wọlé fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Èmi wà ní òdìkejì títì, mò ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Inú mi ń dùn.

Mo gbé fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń kọ̀wé láti Savalou, láti Djaloukou, láti abúlé tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Oyin wà nínú àjà ilé wọn, oyin wà lẹ́nu kànga, oyin wà nínú ilé adìyẹ. Níbo ni wọ́n ti lè rí obìnrin yìí? Mo bá ṣí ojú ewé kan fún iṣẹ́ náà. Ohun tí mo kọ sókè rẹ̀ ni pé bí oyin bá ṣù sí ilé yín, ẹ má dáná sun ún, ẹ má sọ ọ́ lókò, ẹ lé ọmọdé àti ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti òkèèrè, kí ẹ sì sọ ìlú tí ẹ wà. A ó júwe ẹni tó sún mọ́ yín jù tó lè wá kó o. Mo kọ ọ́ ní Faransé, mo sì fi ohùn ara mi sọ ọ́ ní Ìṣà, Yorùbá tí à ń sọ nílé, fún àwọn tí kì í kàwé. Púpọ̀ nínú fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, agbọ́n ni, kì í ṣe oyin. Èmi ni mò ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ tí n kò lè fọwọ́ kàn, mo fi fóònù bá ìyàwó mi ṣe é, mo sì rò pé ó tó.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan kò lè gba iṣẹ́ Bantè kó tún gba ti Savalou. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn mìíràn tó ń kó oyin, kí n lè fi nọ́ńbà wọn síbẹ̀. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan lọ́nà Agoua. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọkùnrin kan ní Savalou. Èmi ni mo wá a rí, èmi ni mo pè é, tí mo rọ̀ ọ́, tí mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sábẹ́ nọ́ńbà ìyàwó mi. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bá wí.

Káfíńtà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kan àpótí oyin rẹ̀. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Máhì ni, bó bá ń sọ Yorùbá, ahọ́n Máhì a máa yọ níbẹ̀. Ìyá tó bí ìyàwó mi náà, Máhì ni, ọmọ Savalou. Mo mọ̀ pé ìyàwó mi gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i kí ó jókòó sọ ọ́ pẹ́, àfi bí a bá lọ bá wọn sìnkú. Ọjọ́ tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ wá sí Bantè, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ó sọ nǹkan kan fún un ní Máhì, ìyàwó mi sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í ṣe irú èyí tó máa ń rín nílé. Mo bi í pé kí ni ọkùnrin náà sọ. Ó ní kò ṣe é sọ ní Yorùbá, kò ní dùn mọ́.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Obìnrin ni wọ́n máa ń fi òwe yẹn bá wí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ó kan ọkùnrin.

Oyin tó bá wọ àjà ilé tàbí ihò igi ńlá, èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ kó o: ọ̀kan á wà lókè, ọ̀kan á di àkàbà mú. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, àwọn méjèèjì ló ń lọ. Ẹni tó bá sì ní oyin nílé, ọ̀dọ̀ mi ló ń kọ̀wé sí, nítorí náà èmi ni mò ń rán wọn jáde. Mo máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, fóònù onífóònù á tú palẹ̀ níwájú mi, ọkàn mi á sì wà lórí àkàbà kan ní Savalou. Bó bá dé, tí aṣọ rẹ̀ ń rùn èéfín àti ìda, mo máa ń bi í ní agogo tí wọ́n ṣe tán àti agogo tó wọ ọkọ̀. Ó máa ń dáhùn, kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí kọ́ Máhì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọkùnrin yìí máa ń sọ fún un lórí fóònù, tó máa ń rọra sọ. Mo há ọ̀rọ̀ náà sórí, mo sì bi obìnrin Máhì kan tó mú fóònù rẹ̀ wá tún ṣe. Ó wò mí títí, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ìyẹn kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Kí ni wọ́n ń tẹ̀ jẹ́jẹ́?

Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan tí wọ́n bá kó oyin kúrò lórí igi máńgòrò rẹ̀ fi fọ́tò sójú ewé wa. Àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n ti ṣí àwọ̀n ojú wọn, wọ́n jọ di àpótí kan mú, òógùn ń dán lójú wọn. Ẹni náà kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí a wo tọkọtaya olóyin wa. Àwọn èèyàn sì ń tẹ ọkàn pupa sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ pé èmi ni ọkọ. Mo pa á rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pé a dúpẹ́, iṣẹ́ ló pa wọ́n pọ̀. Mo pa ìyẹn náà rẹ́. Nígbẹ̀yìn, mo fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé sí i, bí ẹni tí wọ́n kí kú oríire.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn méjèèjì wà ní Djaloukou, níbi tí oyin ti wọ ihò igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Mo pe ìyàwó mi, fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo pe ọkùnrin náà, tirẹ̀ náà kò lọ. Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ kò dára, èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi. Síbẹ̀ mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gun alùpùpù mi, mo sì gba ọ̀nà lọ. Jákèjádò ọ̀nà ni mò ń ro ohun tí n ó sọ bí mo bá dé ibẹ̀.

Nígbà tí mo dé, kò sí ẹnikẹ́ni níta. Gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì. Ẹnì kan pariwo látinú yàrá pé kí n padà, oyin ti ya jáde. Mo bá yí alùpùpù gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ ni mo sì ti rí wọn. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, orí ọkùnrin náà sì wà lórí itan rẹ̀.

Inú mi ti gbóná kí n tó wo ojú ọkùnrin náà. Nígbà tí mo wò ó, kò sí ojú níbẹ̀ mọ́. Ó ti wú, ètè rẹ̀ ti yí padà, ìyàwó mi sì ń fi èékánná họ ẹ̀gún oyin kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀n ojú tó wà lórí ìyàwó mi kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tí etí rẹ̀ ní aṣọ aró ni, ti ọkùnrin náà.

Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi láìgbé orí sókè. Ẹnì kan tí kò mọ̀ pé wọ́n wà nídìí igi ti tan ẹ̀rọ. Ariwo àti ìmìtìtì rẹ̀ kó oyin láyà jẹ, gbogbo wọn sì tú jáde. Ó ní òun ló wà lókè. Bí òun ṣe ń sáré bọ̀ wálẹ̀, ẹ̀ka igi fa àwọ̀n ojú òun ya. Ọkùnrin náà bọ́ tirẹ̀, ó fi bo òun lórí, ó sì fi apá bo ojú ara rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó mi wí, bó ṣe máa ń pè mí láti ìgbà tó ti bí ìbejì, "ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, oyin ṣì ń fò. Ẹ yí orí alùpùpù padà. Èmi ni n ó gbé e wá bá yín."

Bí a ṣe gun alùpùpù kan nìyẹn, àwa mẹ́ta. Èmi wà níwájú, ìyàwó mi wà lẹ́yìn, ọkùnrin náà sì wà láàárín, ìyàwó mi fi apá méjèèjì gbá a mú kó má baà ṣubú. Orí rẹ̀ já lé mi lọ́rùn. Ojú rẹ̀ gbóná bí ìkòkò. Èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè létí mi, mo sì mọ irú èémí yẹn. Ó ti jẹ́ tèmi rí. Mò ń sá fún gbogbo kòtò ojú ọ̀nà bí ẹni tó gbé ẹyin. Mò ń bi ara mi pé bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nídìí igi yẹn, ṣé n bá bọ́ àwọ̀n mi fún un? N bá bọ́ ọ. N bá sì ti kú. Òun bọ́ ọ, kò sì kú. N kò mọ èyí tí mò ń jowú rẹ̀ nínú méjèèjì.

Ní ilé ìwòsàn ní Savalou, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì fi omi sí i lára. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní èémí rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, ìyàwó mi dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní òun ń padà lọ sí Djaloukou. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ. Ó ní bí òun kò bá lọ, wọn yóò sun oyin náà kí oòrùn tó wọ̀.

"Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn oyin," ni ó wí. "Ẹ bá mi jókòó tì í."

Ó pe sémì, alùpùpù tó ń gbé èrò, ó sì lọ. Ó fi èmi àti ọkùnrin náà sílẹ̀ nínú yàrá kan.

Kò pẹ́ tí ìyá ọkùnrin náà fi dé. Ìyá arúgbó ni, kò gbọ́ Yorùbá. Ó fọwọ́ kan gbogbo ara ọmọ rẹ̀, ó sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, kò dìde. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ọmọ Savalou tó gbọ́ èdè méjèèjì, bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ìyá ń dúpẹ́. Ó ní ìyá ń bèèrè bóyá èmi ni ọkọ obìnrin tí ọmọ òun máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá. Ó ní ọmọ òun ti sọ fún òun pé ká ní obìnrin náà kò tíì lọ́kọ ni.

Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti dáwọ́ ìtumọ̀ dúró. Ó wo ìyá náà, ó wò mí, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kì í tán, ó sì jáde lọ wo aláìsàn mìíràn. Ìyá náà ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó dìde, ó fi ọwọ́ júwe pé kí n dúró, pé òun fẹ́ lọ gbé oúnjẹ wá.

Ọkùnrin náà ti yí ojú sí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, ohùn rẹ̀ wúwo nínú ètè tó wú, "ẹ má bínú sí ìyá mi."

"N kò bínú sí ìyá rẹ. Ṣé òótọ́ ni?"

Kò yíjú kúrò lára ògiri. "Òótọ́ ni."

"O ti sọ ọ́ fún un?"

"Rárá. N kò sì ní sọ ọ́. Bí a bá wà nídìí oyin, ọ̀rọ̀ yín ló ń sọ. Bàbá Ìbejì ló mọ̀ pé oyin ni, kì í ṣe agbọ́n. Bàbá Ìbejì ló ní ká wá. Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín ti sú mi."

Bó bá parọ́ ni, n bá mọ ohun tí n ó sọ. Mo ti múra èyí sílẹ̀ láti Bantè. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ojú rẹ̀ ti dí, kò lè rí ife. Mo gbé omi sí i lẹ́nu, ó mu ún, díẹ̀ dà sí i láyà, mo sì fi etí aṣọ nù ún.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ìyàwó mi padà dé. Ó ti kó oyin náà sínú àpótí, ó sì ti gbé e sí ẹ̀yìn ilé ọkùnrin náà. Ó ní obìnrin tó ni ẹ̀rọ ló jáde wá bá òun di àpótí mú, kò sì bẹ̀rù. Mo gbé ìyàwó mi sẹ́yìn alùpùpù, a forí lé Bantè. A kò tíì rìn jìnnà tí mo fi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò gbà mí láyè láti wakọ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo gbọ́ fún un.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Ojú mi kò fọ́."

"O mọ̀, o sì ń bá a lọ?"

"Oyin ni mò ń bá lọ." Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró kọjú sí mi. "Bàbá Ìbejì, bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, agogo lẹ máa ń bi mí. Ẹ kò bi mí rí pé báwo ni oyin náà ṣe rí. Èèyàn kan wà tó máa ń bi mí, mo sì máa ń dá a lóhùn. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ sójú ewé. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ yọ ọ́."

Mo rò ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ìka mi dé orí nọ́ńbà náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́, ẹni tí oyin bá ṣù sí yàrá rẹ̀ ní Savalou, ta ni yóò pè? Iná ni wọn yóò padà sí. N kò yọ ọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo túbọ̀ wá àwọn mìíràn kún wọn. Obìnrin ẹlẹ́rọ Djaloukou sọ pé òun fẹ́ kọ́ ọ, ìyàwó mi sì kọ́ ọ. Nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lójú ewé báyìí fún agbègbè yẹn. Àbúrò ìyàwó mi gba ti Agoua. Ọkùnrin Savalou sàn, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ tó bá sì le nìkan ni òun àti ìyàwó mi jọ ń lọ.

N kò ní parọ́, mo ṣì ń jowú. Bó bá kọ nǹkan sójú ewé, mo máa ń wò ó bóyá ìyàwó mi ti tẹ nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan láìpẹ́ yìí. Oyin wọ àjà mọ́sáláṣí kan ní Savalou, mo sì dúró sí òkèèrè níbi tí oyin kò lè dé, mò ń lé àwọn èèyàn sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ jẹ́jẹ́: agolo tó ń fẹ́ èéfín sí oyin. Bàbá arúgbó kan tó ń bá wa wò ó bi mí bóyá mo mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà. Mo ní ìyàwó mi ni ọ̀kan nínú wọn. Ó ní èwo ni? Aṣọ funfun kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, àwọ̀n bo ojú wọn, mo sì ń sún síwájú, mo wò wọ́n títí láìlè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó wà lókè àkàbà yíjú síbi tí mo wà, ó sì ju ọwọ́ sí mi pé mo ti sún mọ́ wọn jù. Mo nawọ́ sí i, mo ní fún bàbá náà pé òun nìyẹn, mo sì sún sẹ́yìn.